Ọwọ́ Isaaki: Ọ̀rọ̀ Lórí Òbí tí Iyè Rẹ̀ Ti Ra àti Ohun Ìní Rẹ̀

Kíkà: Genesisi 27, 1 Ọba 1, Ìwé Ọgbọ́n Jesu Ọmọ Siraki 3:12–13.



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín ní oṣù yìí kì í ṣe èyí tí a máa ń gbọ́ láti orí àga ìwàásù, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà nínú ilé púpọ̀ nínú ìjọ wa. Òun ni ọ̀ràn baba tàbí ìyá tí ó ti di arúgbó, tí iyè rẹ̀ sì ti ra, tí kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́, tí ó ń bèèrè ẹni tí ó ti kú láti ogún ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n tí ó ní ilé, tàbí ilẹ̀, tàbí oko kòkó, tàbí owó ní báǹkì. Ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀? Ta ni yóò sì máa ṣe àkóso ohun tí ó ní, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀? Àwọn àgbà wa a máa wí pé ó ń ṣarán, a ó sì fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà a máa gbẹ ní ẹnu àwọn ọmọ ní ọjọ́ tí wọ́n bá rí i pé ilẹ̀ ìyá wọn ti di ti ẹlòmíràn, àti pé àtàǹpàkò ìyá wọn gan-an ni ó wà ní ìsàlẹ̀ ìwé náà.

Ẹ ṣí Genesisi orí 27. Isaaki ti gbó, ojú rẹ̀ sì ti ṣókùnkùn. Ìwé Mímọ́ kò sọ pé iyè rẹ̀ ra. Ojú nìkan ni a dárúkọ. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbé pẹ̀lú arúgbó tí kò lè dá ohun kan ṣe mọ́ yóò mọ irú ilé tí a wà nínú rẹ̀. Ẹ kíyè sí bí baba náà ti sapá tó. Ó bèèrè ẹni tí ó wọlé wá. Ó bèèrè bí ẹran ìgbẹ́ ti ṣe tètè bọ́ sí ọwọ́ ọdẹ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ọmọ náà súnmọ́ òun kí òun lè fọwọ́ bà á. Ohùn tí ó gbọ́ kò bá ọwọ́ tí ó fọwọ́ kàn mu, nítorí náà ó tún bèèrè lẹ́ẹ̀kan sí i bí Esau gan-an ni. Ní ìkẹyìn ó gbọ́ òórùn aṣọ rẹ̀. Gbogbo ohun tí arúgbó lè ṣe láti dáàbò bo ara rẹ̀ ni Isaaki ṣe, a sì tàn án síbẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó yẹ kí wọ́n jẹ́ ojú fún un ni wọ́n di awọ ewúrẹ́ mọ́ ọwọ́. Kì í ṣe àlejò ni ó tan án. Aya rẹ̀ ni ó se ọbẹ̀, ọmọ rẹ̀ ni ó gbé e wọlé.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí a máa ń gbójú fò. Jakọbu kò ka ara rẹ̀ sí olè. Kí a tó bí i ni Ọlọ́run ti fi han ìyá rẹ̀ pé èyí àbúrò ni yóò borí (Genesisi 25:23), Esau fúnra rẹ̀ sì ti fi ipò àkọ́bí tọrọ àwo ọbẹ̀ kan. Jakọbu lè wí ní ọkàn rẹ̀ pé ohun tí ó jẹ́ tòun ni òun lọ mú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni a ń gbọ́ lónìí. Ọmọ kan yóò wí pé, “Ṣé èmi kọ́ ni dáwódù ni? Bí màmá bá kú lónìí, ta ni yóò ni ilé náà bí kò ṣe àwa? Kí ni ó burú bí mo bá tà á nísisìyí?” Ìdáhùn wa ni pé a kì í pín ogún alààyè. Níwọ̀n ìgbà tí ìyá bá wà láàyè, òun ni ó ni ohun ìní rẹ̀, ìbáà ṣe pé kò rántí orúkọ ara rẹ̀. Àìmọ̀ rẹ̀ kò sọ ọ́ di òkú. Bẹ́ẹ̀ ni òfin ìjọba wí, bẹ́ẹ̀ ni àṣà àwọn baba wa wí pẹ̀lú. Àti pé dáwódù pàápàá, nígbà tí baba bá kú tán, kì í ṣe òun nìkan ni ó ni ilé. Ní Èkó, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní ọdún 1908, ilé ẹjọ́ ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ilé ẹbí tí baba fi sílẹ̀ jẹ́ ti gbogbo àwọn ọmọ, àti ọkùnrin àti obìnrin. Olórí ẹbí kàn ń di ìdí rẹ̀ mú fún gbogbo wọn ni. Ẹni tí ó bá sì gbà kí òbí tó kú ohun tí kì bá tí jẹ́ tirẹ̀ nìkan lẹ́yìn ikú òbí, òbí rẹ̀ nìkan kọ́ ni ó jà lólè, ó ja àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ wo ibi tí ọ̀ràn náà já sí. Rebeka rò pé ọjọ́ díẹ̀ ni Jakọbu yóò lò lọ́dọ̀ Labani. Ogún ọdún ni ó lò níbẹ̀, a kò sì rí i kà níbì kankan pé ìyá àti ọmọ tún fojú kan ara wọn. Ẹni tí ó lo òkùnkùn ojú baba rẹ̀ láti tàn án, inú òkùnkùn òru ni Labani gbé fi Lea dípò Rakeli fún un. Ẹni tí ó fi awọ ewúrẹ́ bo ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ ni àwọn ọmọ tirẹ̀ fi kun ẹ̀wù Josẹfu láti tan òun náà jẹ (37:31). Ohun tí ó sì yà wá lẹ́nu jù ni pé Isaaki, tí gbogbo wọn ṣe sí bí ẹni tí ń kú lọ ní ọjọ́ náà, kò kú. Ó wà láàyè títí Jakọbu fi lọ tí ó sì bọ̀, tòun ti aya àti ọmọ, ó sì pé 180 ọdún kí àwọn ọmọ méjèèjì tó jùmọ̀ sin ín (35:28–29). Kí àwọn tí ń kánjú pín ohun ìní arúgbó rántí èyí. Arúgbó lè wà ní ipò àìmọ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Yóò máa jẹun, yóò máa lo oògùn, yóò máa fẹ́ ẹni tí yóò wẹ̀ ẹ́ ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Bí ilé tí owó ayálégbé fi ń wọlé bá ti di títà, kí ni a ó fi tọ́jú rẹ̀?

Kí a tó sọ̀rọ̀ lórí ìwé àti òfin, ó yẹ kí a mọ ohun tí àrùn yìí jẹ́. Kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ni ó ń fà á, nítorí àwọn kan wà tí ó ti pé 90 ọdún tí wọ́n sì ń ka Sáàmù láìwo ìwé. Àrùn inú ọpọlọ ni. Ní ọdún 1906 ni oníṣègùn ará Jámánì kan, Alois Alzheimer, ṣe àlàyé èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pè é títí di òní. Òmíràn a máa ti inú ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn rọpárọsẹ̀ wá. Ilẹ̀ wa ní ipa nínú ìmọ̀ yìí ju bí ọ̀pọ̀ ti mọ̀ lọ. Ní ọdún 1992 ni àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnníyì wà nínú wọn, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí bẹ àwọn àgbàlagbà wò ní Ìdíkàn ní ìlú Ìbàdàn. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001, láàárín àwọn tí ó ti pé 65 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bí 13 tàbí 14 nínú 1,000 ni àrùn yìí ń mú ní ọdọọdún ní Ìdíkàn, nígbà tí ó tó 32 nínú 1,000 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún èyí tí ó kéré. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kéré kì í ṣe òfo, àti ní ilé tí ó bá ti ṣẹlẹ̀, odidi ni.

Bí ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ìyá yóò bèèrè ọ̀rọ̀ kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin kí ọbẹ̀ tó hó. Yóò ṣìnà ní òpópónà tí ó ti ń rìn láti ìgbà èwe. Yóò fi owó pamọ́ sí abẹ́ ẹní, yóò gbàgbé, yóò sì pariwo pé wọ́n ti jí òun ní owó; ẹni tí ó sì máa ń fi sùn jù ni ọmọ tí ó wà nítòsí rẹ̀, tí ń fọ aṣọ rẹ̀, tí ń bọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkèèrè, tí ẹ ń gbọ́ ẹ̀sùn yìí lórí tẹlifóònù, ẹ má ṣe yára gbà á gbọ́, ẹ má sì ṣe yára sọ pé irọ́ ni: ẹ wá fi ojú ara yín rí i. Kí a sì mú òbí lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ní kùtùkùtù, nítorí àwọn àìsàn mìíràn wà tí ó jọ èyí tí ó sì ní ìwòsàn: àìtó èròjà kan nínú ara, ibà, oògùn tí kò bá ara mu. Ìwé tí oníṣègùn bá sì kọ ní ọjọ́ náà yóò wúlò lẹ́yìn ọ̀la fún ohun tí a ó sọ síwájú.

Ní nǹkan bí igba ọdún ṣáájú ìbí Olúwa wa ni ọmọ Siraki kọ ìwé rẹ̀. Ìjọ wa, nínú Abala Ìgbàgbọ́ kẹfà, kò fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ fi ìdí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ múlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń kà á fún àpẹẹrẹ ìwà. Bí ìwé kan bá sì yẹ fún ìwà ní ilé tí a ń sọ yìí, orí kẹta rẹ̀ ni. Ó bá ọmọ tí ara rẹ̀ le sọ̀rọ̀ nípa baba tí òye rẹ̀ ti ń yẹ̀, ó ní kí ó fara dà á, kí ó má sì ṣe kẹ́gàn rẹ̀ nítorí pé agbára wà ní apá òun. Ọkùnrin náà mọ ibi tí ìdánwò wà. Kì í ṣe ní ojú àwọn àlejò ni a máa ń kẹ́gàn òbí. Inú yàrá ni, nígbà tí ó bá tún tọ̀ sí ara ní òru lẹ́ẹ̀kẹta, tí agbára sì wà lọ́wọ́ wa tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn baba wa wí pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ṣùgbọ́n òkété kò tíì sọ bí ó ti ń rẹ ọmọ náà tó! Kí ìjọ má ṣe fi òwe nìkan ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Kí àwọn ìyá ìjọ máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí ó lè sùn.

A kò sì gbọdọ̀ dákẹ́ lórí ọ̀ràn búburú kan. Ìyá arúgbó a máa rìn ní òru, a máa bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀, a sì máa sọ ohun tí kò ní orí tàbí ìdí. Àwọn kan yóò sì wí pé ó ń jẹ́wọ́, pé àjẹ́ ni. Wọn a gbé e lọ sí ibi tí a ó ti so ó mọ́lẹ̀, tí a ó fi ebi pa á, tí a ó nà án ní orúkọ Jesu. Ẹ gbọ́: ẹni tí báǹkì kò gba ìtẹ̀ka rẹ̀ nítorí pé iyè rẹ̀ ra, ta ni ó fún wa ní ẹ̀tọ́ láti gba ìjẹ́wọ́ rẹ̀? Nínú Deuteronomi 27, àwọn ègún méjì kan tẹ̀lé ara wọn: ọ̀kan wà fún ẹni tí ó yẹ ààlà ilẹ̀ ẹnìkejì rẹ̀, èkejì sì wà fún ẹni tí ó ṣi afọ́jú lọ́nà. A ti rí ilé tí ènìyàn kan náà gbé rù ègún méjèèjì: ó kọ́kọ́ sọ pé àjẹ́ ni ìyá, lẹ́yìn èyí ó ta ilẹ̀ rẹ̀.

Ǹjẹ́ kí ni ó yẹ ní ṣíṣe? Ohun gbogbo tí a bá fẹ́ ṣe, ní àkókò tí òbí ṣì lè sọ̀rọ̀ ni kí a ṣe é, ní gbangba. Ẹ wo ilé Dafidi. Ọba ti gbó, aṣọ kò mú un móoru mọ́, Adonijah sì lọ se àsè láti fi ara rẹ̀ jọba láìbèèrè lọ́wọ́ baba rẹ̀. Kò sì pe Solomoni arákùnrin rẹ̀. Ẹ fi èyí ṣe àmì: ìpàdé ẹbí tí a kò bá pe gbogbo ọmọ sí, ohun kan wà nídìí rẹ̀. Batṣeba àti Natani kò lọ dá ìpàdé tiwọn sílẹ̀ ní kọ́lọ́fín. Ọ̀dọ̀ arúgbó náà ni wọ́n lọ, wọ́n sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ fún un, wọ́n sì jẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìfẹ́ rẹ̀. Sadoku àlùfáà gbọ́, Natani gbọ́, Benaiah gbọ́, a sì fun ìpè kí gbogbo ìlú lè gbọ́. Ohun tí ó kù nínú agbára Dafidi kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó fún ọjọ́ kan yẹn.

Ohun tí ó ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà ni ìwé tí a fi ń yan aṣojú, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní power of attorney. Ó dára nígbà tí orí ẹni tí ó kọ ọ́ bá pé. Ṣùgbọ́n nínú òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìránṣẹ́ kò lè ní agbára ju ẹni tí ó rán an lọ. Ní ọjọ́ tí iyè ẹni náà bá ra, àṣẹ aṣojú parí. (Irú àkànṣe kan wà tí a máa ń fún ẹni tí ó ti san owó ilẹ̀, a kò sọ nípa ìyẹn.) Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti tún èyí ṣe. Òfin tí wọ́n gbé jáde ní 2005, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2007, fi ààyè sílẹ̀ kí ènìyàn yan aṣojú nígbà tí òye rẹ̀ pé, kí àṣẹ náà sì dúró lẹ́yìn tí òye bá lọ. A gbọdọ̀ kọ ìwé náà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba kí a tó lè lò ó. Àwọn ọmọ wa ní London mọ èyí, wọn a sì rò pé bákan náà ni ó rí ní ilé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé tí a ṣe ní London fún ìyá tí ó ní ilé ní Abẹ́òkúta kò sọ ọmọ di alákòóso ilé náà ní Abẹ́òkúta nígbà tí iyè ìyá bá ti ra.

Ibi tí a ní láti lọ ni Ilé Ẹjọ́ Gíga ti ìpínlẹ̀. Kí ẹbí mú ẹ̀rí oníṣègùn lọ, kí wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí ilé ẹjọ́ yan ẹnìkan tàbí ẹni méjì tí yóò máa ṣe àkóso ohun ìní òbí náà fún àǹfààní rẹ̀, tí yóò sì máa jíhìn. A mọ̀ pé ó ń gba owó àti sùúrù, àti pé ìdájọ́ ilé ẹjọ́ wa kì í yára. Síbẹ̀ ó sàn ju kí a gbé ọwọ́ òbí lé ìwé lọ. Òfin àtijọ́ lórí àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi lélẹ̀ ní 1916, ni a fi ń ṣiṣẹ́ fún ohun tí ó ju 100 ọdún lọ, títí Ààrẹ Buhari fi fi ọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní oṣù kìíní ọdún 2023. Kí ẹbí bèèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò tí ó mọ̀ nípa rẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ àwọn tí ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹjọ́ pẹ̀lú ìwé ìbúra lọ́wọ́.

Ti ìwé ìhágún yàtọ̀. Kò ní agbára kankan nígbà tí ẹni tí ó kọ ọ́ bá wà láàyè, nítorí náà kò lè sọ ẹnikẹ́ni di alákòóso. Ṣùgbọ́n a máa dín ìjà kù lẹ́yìn ikú, bí a bá ṣe é dáradára: kí ó jẹ́ kíkọ sílẹ̀, kí ẹni tí ó ni ín fi ọwọ́ sí i ní ojú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jùmọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí a fi nǹkan sílẹ̀ fún, tàbí ọkọ tàbí aya rẹ̀, kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò pàdánù ohun tí a fún un. Kí àwa àlùfáà náà fi èyí sí ọkàn. Ní ti òye, àwọn ilé ẹjọ́ wa ṣì ń tẹ̀lé ohun tí a dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1870 nínú ẹjọ́ Banks àti Goodfellow: pé kí ẹni náà mọ ohun tí ó ń ṣe, kí ó mọ ohun tí ó ní, kí ó sì rántí àwọn tí ó yẹ kí ó rò mọ́ ọn. Banks tí a ń wí yìí, ọpọlọ rẹ̀ kò pé ní ọ̀nà kan, nítorí ó gbà pé àwọn ẹ̀mí búburú ń lé òun. Síbẹ̀ a gba ìwé rẹ̀, nítorí àìsàn náà kò kan bí ó ti pín ohun ìní rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe pé gbogbo ọ̀nà ti dí ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí oníṣègùn bá dárúkọ àrùn yìí. Bí òbí kò bá sì mọ ìwé, kí a kà á fún un ní èdè tí ó gbọ́, kí a sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé a ti kà á, ó sì yé e. Àtàǹpàkò lásán kò tó.

Èyí tí ó léwu jù ni nígbà tí ẹni tí iyè rẹ̀ ra bá jẹ́ olórí ẹbí tàbí mọ́gàjí. Òfin wí pé títà ilẹ̀ ẹbí láìsí ọwọ́ olórí ẹbí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Èyí tí olórí ẹbí bá sì dá tà láìsí àwọn àgbà ẹbí, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e bí wọ́n bá tètè pe ẹjọ́. Bẹ́ẹ̀ ni a dá a nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959. Àwọn olùra ilẹ̀ mọ èyí ju àwa lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbé ọtí àti obì lọ bá baba arúgbó ní ọ̀sán gangan, nígbà tí àwọn ọmọ bá lọ sí ibi iṣẹ́. Kí ẹbí tètè pé jọ, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí yóò dúró ní ipò baba sí ìwé, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn aládùúgbò mọ̀. A rí i lára ògiri káàkiri ìlú wa pé ilé yìí kì í ṣe títà. Ó dára, ṣùgbọ́n ògiri kò lè lọ sí ilé ẹjọ́.

Ọ̀ràn owó kù. Pọ́ọ̀lù Àpósítélì gba owó jọ fún àwọn aláìní ní Jerusalẹmu, ẹni tí ó lè sọ pé kí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé òun sì ni. Síbẹ̀ kò dá owó náà gbé. Ó mú àwọn arákùnrin mìíràn mọ́ra, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní ohun tí yóò fi sùn ún (2 Kọrinti 8:18–21). Bí Pọ́ọ̀lù bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni ó fà á tí ọmọ kan yóò fi nìkan di káàdì báǹkì ìyá mú, tí kò ní jẹ́ kí àwọn yòókù rí ìwé rẹ̀? Kí a ní ìwé kékeré kan: owó ìfẹ̀yìntì tí ó wọlé, owó ayálégbé, owó oògùn, owó oúnjẹ, owó aṣọ ìlédìí. Kí ẹni méjì máa fi ọwọ́ sí i ní oṣooṣù. Kí a sì kọ iye kan sílẹ̀, láti inú owó ìyá fúnra rẹ̀, fún ọmọ tí ó fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ láti tọ́jú rẹ̀. Kì í ṣe ìtìjú. Ohun tí ó jẹ́ ìtìjú ni kí àwọn tí kò wẹ̀ ẹ́ rí láti ọdún márùn-ún dé fún ìsìnkú, kí wọ́n sì máa bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó wẹ̀ ẹ́ ibi tí owó wà.

A kò ní bá àwọn ọmọ nìkan wí kí a sì fi ara wa sílẹ̀. Nínú Marku orí 7, Olúwa wa bá àwọn olùkọ́ni ní ìsìn wí gidigidi, nítorí pé wọ́n gbà kí ènìyàn ya owó sọ́tọ̀ fún tẹ́ḿpìlì, kí ó sì fi ebi pa baba àti ìyá rẹ̀. Ǹjẹ́ nígbà tí ìyá kan tí iyè rẹ̀ ti ra bá dìde ní ọjọ́ ìkórè, tí ó ṣèlérí owó ńlá, tí a sì pàtẹ́wọ́, kí ni a ń ṣe? Bí ó bá tún ṣèlérí kan náà ní ọjọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, tí a tún kọ ọ́ sílẹ̀ ńkọ́? Ìmọ̀ràn wa fún àwọn wọ́dìn ni pé kí wọ́n má gba ilẹ̀, ilé, tàbí owó púpọ̀ lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ láìsí ìmọ̀ gbogbo ọmọ rẹ̀, àti pé bí wọ́n bá ti gbà á láìmọ̀, kí wọ́n dá a padà. Kí wọ́n má bẹ̀rù pé ìkórè yóò kéré.

Olúwa wa, nígbà tí ó wà lórí igi àgbélébùú, ṣètò fún ìyá rẹ̀. Ó dárúkọ ẹnìkan, kò sọ pé kí gbogbo wọn máa wò ó. Ẹni náà wà níbẹ̀, ó gbọ́, ìyá náà gbọ́, ọmọ-ẹ̀yìn náà sì mú un lọ sí ilé ara rẹ̀ láti wákàtí náà (Johanu 19:26–27). Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, gbogbo ọmọ mẹ́fà ni wọ́n ń tọ́jú màmá, màmá kò sì jẹun àárọ̀.

Àwọn tí ń bẹ irú àgbà bẹ́ẹ̀ wò mọ ohun kan tí a kò lè ṣàlàyé tán. Ẹni tí kò mọ orúkọ àkọ́bí rẹ̀ mọ́ lè bá wa ka Àdúrà Olúwa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó sì dáhùn Àmín ní ibi tí ó yẹ. Nítorí náà kí a má ṣe yọ orúkọ wọn kúrò nínú ìwé àwọn tí a ń gbé Ara àti Ẹ̀jẹ̀ Olúwa lọ fún ní ilé. Kí ẹbí ránṣẹ́ sí àlùfáà tàbí katikíìsì ìjọ wọn. Òwúrọ̀ ni ó dára jù, nítorí ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa dàrú bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Kí a sì jẹ́ kí ọmọ tí ohùn rẹ̀ mọ́ wọn lára jókòó tì wọ́n, kí ó di ife náà mú pẹ̀lú wọn.